Ọkọ̀ ojú irin Abuja: Ètò tí wọ́n yà sórí ìwé lọ́dún 1979 tí kò gbéra títí di 2018

Lọ́jọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ọkọ̀ ojú irin tó ń ná àárín ìgboro Abuja sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ní olú ìlú Nàìjíríà ti wà nílẹ̀ ṣáájú kí ìlú náà fúnra rẹ̀ tó dáyé.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Murtala Muhammed gba àbá ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinola Aguda wọlé pé kí olú ìlú kúrò ní Eko. Ilẹ̀ tí àwọn Gbagyi àtàwọn ẹ̀yà mìíràn ń gbé ni wọ́n yàn.

Lọ́dún 1979, International Planning Associates tó wá láti Amẹ́ríkà parí àwòrán ìlú tuntun náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé èèyàn mílíọ̀nù 1.6 ni yóò máa gbé ibẹ̀ tó bá di ọdún 2000. Kí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Eko má baà tẹ̀lé ìjọba dé ibẹ̀, wọ́n ya ọ̀nà ọkọ̀ èrò sọ́tọ̀ gba àárín àdúgbò.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Títì dé, ilé dé, ìjọba Ibrahim Babangida náà kó dé lóṣù Kejìlá ọdún 1991. Ojú irin nìkan ni kò dé.

Ilé ìgboro wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ni wọ́n bá lọ ń gbé Nyanya, Karu, Kubwa, Lugbe àti Mararaba ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà Abuja láàrin 2003 sí 2007, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní ó tako àwòrán ìlú, èyí tó tún lé àwọn mìíràn jìnnà sí ibi iṣẹ́ wọn.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2007, nígbà tí sáà Ààrẹ Olusegun Obasanjo ń parí lọ, ìjọba gbé iṣẹ́ ojú irin náà fún CCECC, ilé iṣẹ́ China. Nǹkan bíi kìlómítà 60 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, kí wọ́n tó gé e sí 45. Exim Bank China yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 500 dọ́là nínú owó tó lé ní mílíọ̀nù 820 dọ́là.

Ọkọ̀ náà kò tíì rìn fún ọdún méjì tí àrùn Kòrónà fi dá a dúró lọ́dún 2020. Nígbà tó dúró, àwọn olè jí ohun èlò rẹ̀ kó. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu tún un ṣí, tí èrò sì kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìhà Idu àti pápákọ̀ òfurufú ni ojú irin náà kọjú sí. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Mararaba àti Nyanya bọ̀ ṣì ń jí lóru láti du bọ́ọ̀sì.

Ìlú kékeré tó bá ń gbèrò irú ọkọ̀ báyìí lónìí ní láti kọ́kọ́ wo ibi tí èèyàn ń sùn àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kó tètè fa ojú irin náà kí ilẹ̀ tó wọ́n, kó sì ya owó ìtọ́jú àti ẹ̀ṣọ́ sọ́tọ̀. Abuja ní ilẹ̀, ó sì ní àwòrán. Àkókò ló jẹ́ kó lọ.