Gbèsè Ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gbèsè Ìwọ̀fà

Oṣù kẹrin ọdún 2013 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn tó fẹ́ ra ilé tuntun lówó, nínú ètò Help to Buy. Olùrà á mú ó kéré tán 5% wá, ìjọba á yá a tó 20%, báńkì á gbé ìyókù. Ní 2016, ti Lọ́ńdọ̀nù di 40%. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní èlé, 1.75% ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kẹfà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún mọ ibi tó ti ń dunni. Ẹni tó ra ilé ní £200,000 gba £40,000. Bí ilé náà bá di £300,000, £60,000 ni yóò san. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gba ẹ̀yáwó tuntun ní báńkì, kí wọ́n fi pa ti ìjọba rẹ́ kí ilé tó tún gbówó lórí.

Ìwọ̀fà ló wá sí wa lọ́kàn. Èlé ni iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, kò dín gbèsè kù. Èlé ti Gẹ̀ẹ́sì yìí náà kò dín in kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá ọ̀kẹ́ kan láyé àtijọ́, ọ̀kẹ́ kan náà ni yóò dá padà, bó pẹ́ bó yá. (A ò yin ìwọ̀fà o, ènìyàn ni wọ́n fi ń dógò.) Ká sòótọ́ ṣá, bí iye ilé bá wálẹ̀, gbèsè ìjọba náà á wálẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2022 ni wọn ò gba ìbéèrè tuntun mọ́. Àwọn tó ti yá a ṣì ń san án.