Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Ohun Tí Gánà 1969 Ń Sọ Fún Ẹni Tó Ń Múra Ìdálẹ̀

(A kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde láti inú fọ́ìsì nóòtù ádímìnì, nítorí àwọn tí dátà wọn kò gbé e.)

Ádímìnì yín ni.

Ìbéèrè kan ti ń wọlé léraléra lórí gúrúùpù wa. Ọmọ ẹnì kan fẹ́ lọ Accra, àbúrò ẹlòmíràn fẹ́ lọ Abidjan. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni, àwọn á ṣiṣẹ́, àwọn á kó owó bọ̀. Ìdáhùn tí mo sì ń rí ni pé, "ECOWAS ni, kò sí wàhálà, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ọ̀rọ̀ "kò sí wàhálà" yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ rí, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó já sí fún wọn.

Nígbà tí òyìnbó ṣì wà, Gold Coast ni wọ́n ń pe Gánà. Ìjọba London kan náà ló wà lórí wa, òun náà ló wà lórí wọn. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Èjìgbò àti Ṣakí gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta wórobo, wọ́n dé Kumasi, wọ́n dé Tamale, wọ́n wọ àwọn ìlú kéékèèké tí ọjà ọlọ́jọ́ máa ń wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ á ránṣẹ́ pe àbúrò, àbúrò á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n. Bí a ṣe ń ṣe ní Jos níbí náà nìyẹn. Àwọn oníṣòwò wa wà lára àwọn tó gbé ìjọ Baptist kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gánà ní 1960, Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó bí 100,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí ibẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Gánà gba òmìnira ní 1957, Nàìjíríà gbà á ní 1960. Ọkùnrin tó ti ń ta aṣọ láti ogún ọdún lójú kan náà jí lọ́jọ́ kan, ó ti di àjèjì. Òun kọ́ ló kọjá ààlà, ààlà ló wá bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Ní 1963, Gánà ṣe òfin lórí àwọn àjèjì àti ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ kò gba ìwé yẹn. Ta ló ń bi wọ́n? Kò sí wàhálà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kó jáde kúrò nílùú. Iṣẹ́ ti wọ́n nígbà náà, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn ará ìlú sì ń sọ pé àjèjì ló gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ni gbèdéke pé.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ta ilé, láti ta ṣọ́ọ̀bù, láti gba gbèsè tó wà níta. Ẹni tó jẹ ọ́ lówó mọ̀ pé o ń lọ, ó ti sá pamọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà rẹ mọ̀ pé o ò lè gbé e, iye tó bá wù ú ló máa pè. Ẹni tó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù wálé pẹ̀lú àpò aṣọ àtàwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá já gaara. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Baptist níbẹ̀ ṣófo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1970, wọ́n tún ṣe òfin tó fi ọ̀pọ̀ òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe ọ̀daràn. Pépà ló gbé wọn ṣubú, àti bí owó wọn ṣe wà nínú ọjà àti nínú àwìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ lónìí, ohun mẹ́rin ni kó mú dání.

Èkíní, ìwé. Wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Àdéhùn pé ká máa wọ ìlú ara wa láìgba físà, 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Dakar. Ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ọdún méjì. Ó sì ní kí o mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, àti yẹ́lò káàdì. Tí 90 ọjọ́ bá fẹ́ pé, lọ gba ìwé ìgbélùú. Láti Sèmè dé Aflao, rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù rẹ ní gbogbo ààlà. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn nítorí ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan, kò ní ohun tó máa fi hàn pé òun wọlé bó ṣe yẹ.

Èkejì, mọ irú iṣẹ́ tí òfin gbà fún ọ. Wíwọ ìlú yàtọ̀ sí ṣíṣòwò nínú ìlú. Òfin tí Gánà ṣe ní 2013 fi ọjà títà nínú ìsọ̀ àti ìkiri sílẹ̀ fún ọmọ ìlú. Àjèjì tó bá fẹ́ dá òwò títà àti rírà sílẹ̀, mílíọ̀nù kan dọ́là ni òfin 2013 yẹn ní kó gbé kalẹ̀, kó sì gba ogún ọmọ Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: kí ọmọ béèrè bí òfin ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́ kó tó sanwó ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó. Kí ó máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Kí àwìn má pọ̀ ju ohun tó lè gbà padà kíákíá. Kí ó máa bi ara rẹ̀ pé: bí wọ́n bá ní kí n lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ni mo lè gbé? Ohun tí kò bá lè gbé, kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀ wà.

Ẹ̀kẹrin, èèyàn. Kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá wà níbẹ̀. Kó fi fọ́tò gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan nílé. Kó kọ́ èdè wọn, kó bọ̀wọ̀ fún onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ yìí bú ọmọ Gánà o. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa, lábẹ́ Ààrẹ Shagari, lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún wọn. Ó ju mílíọ̀nù kan lọ, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù. Ààlà Gánà pẹ̀lú Tógò wà ní títì nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn há sójú ọ̀nà. Báàgì tí ẹ fi ń kó ọjà yẹn, Ghana Must Go, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ìgbà kì í lọ bí òréré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ná ọjà Niamey àti Maradi, ọ̀rọ̀ yín náà rèé. Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde nínú ECOWAS láti oṣù kìíní 2025. Wọ́n ní ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà Kumasi ṣe ṣí ní 1968.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ìdálẹ̀ ni gbogbo wa wà, bí kò bá sí ìrìnàjò, kò sí gúrúùpù yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tí ara ń rọni ni à ń gba ìwé, kì í ṣe ọjọ́ kẹtàlá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń lọ, kó kọ orúkọ ìlú tó ń lọ síbí, ká wo ẹni wa tó wà níbẹ̀. Ẹ bi mí ní ìbéèrè yín ní gbangba, kí gbogbo wa lè jàǹfààní.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.