Kíkọ́ ọmọdé ní ábídí Yorùbá nílé

Kíkọ́ ọmọdé ní ábídí Yorùbá nílé ni ẹ̀kọ́ tí òbí, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí alágbàtọ́ ń fún ọmọ kékeré kí ó lè dá àwọn lẹ́tà tí a fi ń kọ èdè Yorùbá mọ̀, kí ó sì lè fi wọ́n ka ọ̀rọ̀, yálà kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí nígbà tí ó ṣì wà ní jẹ́léósinmi. Ábídí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pè ní álífábẹ́ẹ̀tì, ní lẹ́tà 25. Ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Yorùbá nílé ti mọ ìró àwọn lẹ́tà náà àti ohùn wọn kí ó tó fojú kan lẹ́tà kankan; àmì tí a fi ń kọ wọ́n ni ó kù kí ó mọ̀. Èyí ni ó mú kí ẹ̀kọ́ náà yàtọ̀ sí kíkọ́ A-B-C ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọmọ máa ń kọ́ pẹ̀lú èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa.

Àwọn lẹ́tà àti orúkọ wọn

Àwọn lẹ́tà náà ni a, b, d, e, ẹ, f, g, gb, h, i, j, k, l, m, n, o, ọ, p, r, s, ṣ, t, u, w àti y. Fáwẹ́lì ni 7 nínú wọn (a, e, ẹ, i, o, ọ, u), kọ́ńsónáǹtì sì ni 18 yòókù. Kò sí c, q, v, x àti z. Àmì méjì ni a fi kọ gb, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo ni, nítorí pé ìró kan ni: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni p rí. Ìró kp ni ó dúró fún, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú «pákó» àti «pẹ́pẹ́yẹ», nítorí pé Yorùbá kò ní p irú ti Gẹ̀ẹ́sì tí ìbá fi nílò àmì mìíràn.

Fáwẹ́lì ń jẹ́ ìró ara rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì ń gba í mọ́ ìdí: bí, dí, fí, gí, gbí, hí, jí, títí dé yí. Láti ara lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́, a, bí, dí, ni orúkọ «ábídí» ti wá. Àwọn fáwẹ́lì àránmúpè, an, ẹn, in, ọn àti un, kò sí lára lẹ́tà 25 náà. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bá ti mọ fáwẹ́lì àti n ni a máa ń fi wọ́n hàn án.

Bí ábídí ṣe dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ṣáájú kí a tó máa fi lẹ́tà Róòmù kọ Yorùbá, àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń kọ́ lẹ́tà 28 ti èdè Lárúbáwá ní ilé kéwú, lórí wàláà tí wọ́n ń kọ, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n sì tún ń kọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ń gba ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà títí di òní, nítorí náà ó lè jẹ́ ábídí kejì tàbí ìkẹta ni a, b, d máa jẹ́ fún ọmọ kan.

Ìṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS ni ó bí ábídí Yorùbá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 fẹnu kò lórí ọ̀nà ìkọ̀wé. Odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn míṣọ́nnárì ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ tó tàn káàkiri ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ábídí fi máa wọ ilé àwọn ará Ìjẹ̀bú, ìwé tí wọ́n lè fi kà ti wà nílẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ni ó sọ ọ́ di ohun gbogbo ọmọ. Ní àkókò yẹn, ìwé *Aláwíyé* ti J. F. Ọdúnjọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi mọ ìwé kà.

Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tún ọ̀nà ìkọ̀wé náà ṣe ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Orúkọ Ayépé, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fi ìyípadà náà hàn kedere. «Aiyepe» ni a ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé «aiye» ni àkọtọ́ àtijọ́ ń kọ fún «ayé», gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ «ẹiyẹ» fún «ẹyẹ» àti «enia» fún «ènìyàn». «Aiyepe» ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba, bí «Shagamu» àti «Oshogbo» ṣe wà fún Ṣágámù àti Òṣogbo. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ lẹ́tà máa ń fẹ́ ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà tí ó bá rí. Ó yẹ kí àgbàlagbà tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ lè sọ fún un ìdí tí lẹ́tà inú orúkọ ìlú rẹ̀ kò fi bá ohun tí ẹnu ń sọ mu.

Ọ̀nà ìkọ́ni

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ máa fi orin ka orúkọ lẹ́tà láti a dé y, kí ó sì máa so lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ àwòrán: a, ajá, b, bàtà, d, dòdò, f, fìlà, g, gèlè. Orin náà dára fún ìrántí, ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ ọ́ parí láìmọ lẹ́tà kan ṣoṣo bí a bá fi ìka tọ́ka sí i. Ohun tí ó wà nítòsí ọmọ ló sàn jù fún àpẹẹrẹ. Ní ilé kan ní Ayépé, ilé ìdáná nìkan lè kájú ọ̀pọ̀ lẹ́tà: e ni ewùrà, g ni gààrí, gb ni gbágùúdá, i ni ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ewùrà náà sè, ọ ni ọbẹ̀, ṣ ni ṣíbí. Ọmọ tí ó bá rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ewùrà wọnú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé e.

Láti orúkọ lẹ́tà, ó yẹ kí a tètè bọ́ sí sílébù. Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Bí a bá mú b, a ó ní ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kọ́ńsónáǹtì 18 lọ́nà fáwẹ́lì 7 jẹ́ 126, ọmọ tí ó bá sì ti mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ lè ka «bàtà», «ìlù» àti «gèlè» fúnra rẹ̀. Kò sí irú ìrọ̀rùn yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí lẹ́tà kan ti ń ní ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Àwọn ará Íńdíà ti gba ọ̀nà tí ó jọ èyí tipẹ́. Nínú Devanagari, ábídí tí a fi ń kọ Híńdì, kọ́ńsónáǹtì kì í dá dúró: a ti wà nínú rẹ̀, ka, kha, ga, gha, a sì tò wọ́n láti ọ̀fun wá sí ètè gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń pè wọ́n. Ọmọ tí ó ń kọ́ Híńdì nílé máa ń gbọ́ «ka», ìyẹn kabutar (ẹyẹlé), kò sì sí orúkọ lẹ́tà tí yóò tún yàgò fún ìró. Nínú Yorùbá, «bí» ni orúkọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n b nìkan ni ó wọnú «bàtà». Ìdí nìyí tí ọmọ kan fi lè máa pe «bí-à-tí-à» kí ó má sì gbọ́ bàtà níbẹ̀. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ba àti ta, wàhálà náà kò ní wáyé.

Ohùn kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé àmì ohùn le, pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ lẹ́tà ná. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣi ọkọ̀ pè ní ọkọ́. Ó ti mọ ohùn náà lẹ́nu. Kí ó kọ́kọ́ fi dò, re, mí pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn ará ilé, tàbí kí ó fi ọwọ́ lù ú lórí tábìlì bí ìlù. Lẹ́yìn náà ni a ó fi hàn án pé àmì tí ó dà sísàlẹ̀ (`) ni dò, àmì tí ó gòkè (´) ni mí, re kò sì ní àmì. Ọ̀rọ̀ bí igba, igbá, ìgbà àti igbà ni a fi ń dán an wò. Lẹ́tà láìsí ohùn kì í ju ìdajì ẹ̀kọ́ lọ.

Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì, páálí tí a gé, tàbí yanrìn tí a tẹ́ sílẹ̀ tó fún ìkọ̀wé.

Ibi tí ọmọ ti máa ń kọsẹ̀

Ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s ni ìṣòro àkọ́kọ́, nítorí pé ọmọ máa ń rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni ààmì abẹ́ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra ni oògùn rẹ̀: «oko» àti «ọkọ» kò ṣe é dà pọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá rí wọn pọ̀.

Èkejì ni an àti ọn. Ìró kan náà ni fún ọ̀pọ̀ tí ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè ń pè ni a ti ń kọ ọn, bí «ìbọn», «gbọ́n» àti «pọ́n»; lẹ́yìn àwọn yòókù ni a ń kọ an, bí «ìtàn» àti «dán». Ọmọ tí ó bá kọ «ìtọ̀n» kò gbọ́ràn ṣì. Etí rẹ̀ ni ó tẹ̀lé. Lẹ́yìn m àti n, a kì í fi n kejì kún un: «mọ̀», kì í ṣe «mọ̀n».

Ẹ̀ka-èdè náà ń dá sí i. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ wà lára wọn, «án wá» lè túmọ̀ sí «ẹ wá» tàbí «wọ́n wá», nígbà tí ìwé pín wọn sí méjì. Kò sí ìdí láti bu ọmọ kù nítorí èdè ìyá àgbà rẹ̀. Ábídí kan náà lè kọ ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sọ ní Ìjẹ̀bú, ọmọ sì lè kọ́ ọ̀nà ti ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kejì.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ìlànà ìjọba

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan tí Babs Fafunwa jẹ́ olórí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ odindi ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá sọ Yorùbá, kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ọdún méjèèjì. Ilé nìkan ni ó ti lè rí ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ẹ̀yìn odi

Fún ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀ nílé, ètò náà yí padà. Kò mọ ìró gb àti p, nítorí náà ẹnu ni a ó kọ́kọ́ kọ́, kí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mọ A-B-C ṣáájú, yóò sì máa ka «pápá» bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fífi àwọ̀ mìíràn kọ p, gb, ẹ, ọ àti ṣ lórí káàdì ń ràn án lọ́wọ́ láti rántí pé èdè mìíràn ni ó ń kà.

Káàdì àti kọ̀ǹpútà

Òbí tí ó bá fẹ́ tẹ káàdì lẹ́tà fúnra rẹ̀ lè lo kíbọọ̀dù Yorùbá tí ó wà nínú Gboard lórí fóònù. Nínú ètò Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn. Bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá dára, àmì náà lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó pòórá, nítorí náà ó dára kí a yẹ ìwé kan wò kí a tó tẹ gbogbo rẹ̀.