Lẹ́tà Ni Rune Kó Tó Di Ohun Ìwoṣẹ́

Òkúta rune tí wọ́n ń tà lónìí nínú àpò aṣọ kékeré sábà máa ń ní ìwé pélébé tó ń ṣàlàyé rẹ̀. Ìwé náà a ní báyìí ni àwọn Viking ṣe ń wádìí ọ̀la: wọn a ki ọwọ́ bọ àpò, wọn a yọ òkúta kan, àmì ara rẹ̀ a sì sọ ohun tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀sìn àbáláyé àwọn ará Scandinavia àti Jámánì ló fi ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìkọ̀wé ni rune. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀nà ìwoṣẹ́ inú àpò yẹn sílẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Ní Vimose, ní erékùṣù Fyn ní Denmark, wọ́n hú òòyà kan tí wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 160. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lára rẹ̀, harja, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí orúkọ èèyàn. Ní Gotland ní Sweden, òkúta Kylver, tí wọ́n fín ní nǹkan bí ọdún 400, to lẹ́tà 24 tẹ̀ léra. Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà jọ ti àwọn ará Róòmù, nítorí ara lẹ́tà agbègbè òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti yọ wọ́n.

Ti Bergen ní Norway ló wúni lórí jù. Ní 1955, iná jó apá kan Bryggen, èbúté àtijọ́ ìlú náà. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n rí igi àti egungun tó lé ní 600 tí rune wà lára wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá. Oníṣòwò kọ orúkọ sára igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó mọ́ ẹrù kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín. Àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àwọn kan kọ àdúrà Látìn. Igi kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé Gyða ní kí ẹni náà máa bọ̀ nílé. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn tó ń kọ wọ́n, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe.

Iye òkúta inú àpò náà tún ń tú àṣírí. Ètò lẹ́tà 24 ni wọ́n gbé e kà, ètò yìí sì ti di àpatì kí ayé àwọn Viking tó gbilẹ̀. 16 ni àwọn Viking ń lò. Kódà orúkọ tí ìwé pélébé náà fún ìkọ̀ọ̀kan lẹ́tà 24, àwọn onímọ̀ èdè ló tún un tò, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú ewì rune ti Gẹ̀ẹ́sì, Norway àti Iceland tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Àwọn tó gbà pé ìwoṣẹ́ ti pẹ́ máa ń tọ́ka sí Tacitus, ará Róòmù tó kọ̀wé nípa àwọn ará Jámánì ní ọdún 98, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní wọn a gé ẹ̀ka igi eléso, wọn a là á sí wẹ́wẹ́, wọn a sàmì sí i, wọn a sì dà á sórí aṣọ funfun bó bá ṣe bọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìlú, àwòrò ni. Bó bá jẹ́ ti ilé, baálé ni. Á gbàdúrà, á gbójú sókè, á mú ẹyọ mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì túmọ̀ wọn. Nítorí náà, wọ́n ń ṣẹ́ kèké lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Tacitus pè wọ́n ní àmì, kò pè wọ́n ní lẹ́tà. Ìtàn ìgbésí ayé Ansgar, ajíhìnrere Kìrìsìtẹ́nì, tí Rimbert kọ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, sọ pé wọ́n ń ṣẹ́ kèké ní Birka ní Sweden. Òun náà kò dárúkọ rune.

Èyí kò túmọ̀ sí pé rune kò ní agbára lójú àwọn tó ń fín in. Ewì Hávamál sọ pé Odin, òrìṣà wọn, so rọ̀ sórí igi fún òru mẹ́sàn-án kó tó rí wọn gbà. Nínú ìtàn Egill Skallagrímsson, Egill bá egungun àbùùbùtán lórí ibùsùn ọmọbìnrin kan tó ń ṣàìsàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló fín rune sí i láìmọ̀ ọ́n fín. Egill ha á dànù, ó dáná sun ún, ó fín òmíràn, ara ọmọ náà sì yá. Oògùn lèyí. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti yọ rune láti fi wádìí ọ̀la níbẹ̀.

Ta ló wá so rune àti ìwoṣẹ́ pọ̀? Guido von List, òǹkọ̀wé ará Austria, ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní 1902, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì fún oṣù mọ́kànlá. Ó ní ìgbà yẹn ni àṣírí rune 18 ṣí payá fún òun. Iye yẹn bá ọfọ̀ 18 inú Hávamál mu, ṣùgbọ́n kò bá ètò lẹ́tà àtijọ́ kankan mu. Àmì tó jẹ́ ti oòrùn tẹ́lẹ̀, List sọ ọ́ di ti ìṣẹ́gun. Méjì rẹ̀ ni ẹgbẹ́ SS ti Hitler wá lẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ. Ní 1982, Ralph Blum, ará Amẹ́ríkà, tẹ The Book of Runes jáde. Ó da ètò 24 rú, ó sì fi òkúta òfìfo kan kún un. Kò sí àkọlé àtijọ́ tó ní lẹ́tà òfìfo, nítorí àmì tí kò dúró fún ìró kankan kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ sára òòyà.

Ohun tó fàyè gba irú àfikún báyìí ni pé okùn ẹ̀kọ́ já. Ti Ifá kò já bẹ́ẹ̀: ẹnu babaláwo ni ọmọ awo ti ń kọ́ odù títí di òní. Ní ti rune, Iceland gba ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ní nǹkan bí ọdún 1000. Nǹkan bí ọdún 1270 ni wọ́n tó da ìwé àfọwọ́kọ tí Hávamál wà nínú rẹ̀ kọ. Ẹgbẹ́ Ásatrúarfélagið, tí Sveinbjörn Beinteinsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Iceland ní 1972, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 1973, orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló dúró lé. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn náà lónìí tó ń wo rune ti yọ òkúta òfìfo kúrò nínú àpò wọn, wọ́n sì ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ gbangba pé àṣà ìwòyí ni, tí wọ́n gbé karí lẹ́tà àtijọ́.