Ọpọ́n Ayò àti Tábìlì Iṣẹ́

Àwọn baba wa kì í da ọpọ́n pọ̀ mọ́ ọpọ́n. Ọpọ́n Ifá wà fún iṣẹ́ babaláwo. Ọpọ́n ayò, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, wà fún fàájì ìrọ̀lẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tí ń gbé ní Lafiaji ní Erékùṣù Èkó, ní kí n wá gba ọmọ òun ní ìmọ̀ràn. Ọmọ náà ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe ìwé ìpè àti ìwé ìpolówó fún àwọn oníbàárà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù lórí ẹ̀rọ kan náà. Ojú ẹ̀rọ náà kéré, ojú sì ń dun ọmọ. Èsúsú ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, tábìlì kan ni yàrá náà sì gbà. Nítorí náà, ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní mọ́nítọ̀, ni wọ́n lè rà. Bí wọ́n bá rà á ṣì, ó di ìgbà tí èsúsú bá tún kàn wọ́n.

Ọmọ náà ti mú tirẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi bẹ màmá mi, èyí tí ó ń sáré jù ni mo fẹ́.” N kò dá a lóhùn kíákíá, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn nínú.

Èkó ti pẹ́ tí ó ti ń jókòó síwájú àwòrán tí ń rìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó nínú gbọ̀ngàn Glover, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Lafiaji. Gbọ̀ngàn náà kì í ṣe ilé sinimá. Ibẹ̀ náà ni a ti ń ṣe ìpàdé tí a sì ti ń kọrin. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ti Èkó tẹ̀ lé e ní ọdún 1962. Ìran wíwò ni gbogbo ìwọ̀nyí wà fún.

Ní òkè òkun, ohun èlò iṣẹ́ ni eré kọ́kọ́ yá lò. Ní ọdún 1958, William Higinbotham, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ ìwádìí tí ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íńṣì 5 lọ ṣe eré tẹníìsì fún àwọn àlejò. Ní ọdún 1972, Magnavox Odyssey gbé eré wọ inú tẹlifíṣọ̀n ilé. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ojú tí ó bá a wá fún ọ́fíìsì jẹ́ lẹ́tà aláwọ̀ ewé lórí dúdú: ojú òṣìṣẹ́ paraku. Ìyàtọ̀ náà kò pẹ́. Nígbà tí àwọ̀ àti àwòrán dé ojú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ àti eré tún di alájọgbé.

Ìtàn yìí ni mo fi bi ọmọ náà léèrè pé: kí ni ojú rẹ ń ṣe fún wákàtí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́? Ó ní lẹ́tà ni, àti àwọ̀. Mo ní nígbà náà, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

A wo ìsáré tí ó ń fẹ́. Iye Hz ni iye ìgbà tí ojú ẹ̀rọ lè pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 60 tó fún lẹ́tà kíkọ. 144 a máa jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí geere. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà kò bá lè ya ju àwòrán 60 lọ, ojú ẹ̀rọ kò lè bá a ya ìyókù. Ìlù kò lè sọ ju ohun tí onílù bá lù lọ. Kọ̀ǹpútà ọmọ náà kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a wo irú ojú náà. Irú TN a máa yára, owó rẹ̀ kì í sì í wọ́n, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ a yí padà. Irú VA ní dúdú tí ó jinlẹ̀. Irú IPS ni àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà níbikíbi tí a bá ti wò ó. Ẹ sì rántí yàrá wọn: etí ibùsùn ni oníbàárà ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rí pupa tí ìwé tí a tẹ̀ sì jáde ní àwọ̀ ọsàn, owó gbé nìyẹn.

Ní ti ìtóbi, íńṣì 24 tó fún ẹni tí ó jókòó súnmọ́ tábìlì, bí àmì iná orí rẹ̀ bá jẹ́ 1920 ní ìbú àti 1080 ní òòró. Bí a bá na iye kan náà sí íńṣì 27, etí lẹ́tà a máa rí wúruwùru. 2560 lórí 1440 ni ó yẹ íńṣì 27, owó rẹ̀ sì ga.

Ìyá rẹ̀ bèèrè tòkunbọ̀. Mo ní kò burú, bí ẹni tí ń tà á bá gbà kí a tan án, kí a fi funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kún ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí ibi tí iná rẹ̀ ti kú.

IPS oníńṣì 24, tí ó ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 100, ni wọ́n rà níkẹyìn, tuntun. Kì í ṣe èyí tí ó ń sáré jù. Ọmọ náà dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí eré.

Nígbà tí mo tún dé Lafiaji, ó ń parí ìwé ìpè ìgbéyàwó kan, oníbàárà jókòó sí etí ibùsùn. Bí obìnrin náà ti sanwó tí ó lọ, ọmọ náà pa iṣẹ́ dé, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé láti wá gbá bọ́ọ̀lù. Mo rò pé ọpọ́n méjì àwọn baba wa kò tíì parẹ́. Igi ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀; àkókò ni ó kù fún wa láti fi yà wọ́n.