Ẹni Tí À Ń Bá Nájà: Yíyan Asẹ́ fún Lésà Tó Ń Wọn Jíjìnnà

Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Òwe yìí kò ní kí ọjà dákẹ́, nítorí kò lè dákẹ́. Ohun tó ní kí a ṣe ni kí a dá ohùn ẹnì kan mọ̀. Iṣẹ́ tí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nínú ẹ̀rọ lésà tó ń wọn jíjìnnà nìyẹn.

Ẹ wo awọnlẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé lọ́sàn-án gangan. Ó yin lésà sí ògiri tó wà ní mítà 100. Ìmọ́lẹ̀ náà lọ, ó bọ̀, kò ju nánósẹ́kọ́ńdù 667 lọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ẹyọ kan kà nínú wọn, sẹ̀ǹtímítà 15 ti wọnú àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló padà nínú ìmọ́lẹ̀ lésà, oòrùn sì ń da tirẹ̀ bo ògiri kan náà. Asẹ́ ni yóò gba àwọ̀ lésà wọlé, bíi 905 nánómítà tí ojú èèyàn kò rí, tí yóò sì lé ìyókù.

Ṣé kí a kúkú ra asẹ́ tó há jù lọ, èyí tí ìwọ̀n àwọ̀ tó ń gbà kéré jù, ni? Rárá o. Bí ooru bá fi dígírì kan lé, àwọ̀ lésà kékeré á sún tó 0.3 nánómítà. Bí inú ẹ̀rọ bá kúrò ní dígírì 20 láàárọ̀ ọyẹ́, tó dé 45 lọ́sàn-án, àwọ̀ náà ti sún ju nánómítà 7 lọ. Asẹ́ oní-nánómítà 10 tí a tò sí àwọ̀ àárọ̀ kò gbà ju 5 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan; yóò lé lésà fúnra rẹ̀ síta. Ìmọ́lẹ̀ tó bá sì fẹ̀gbẹ́ wọlé tún ń yí àwọ̀ tí asẹ́ ń gbà padà.

Asẹ́ tó há gan-an ṣeé lò, bí a bá ń ṣọ́ ooru. Sátẹ́láìtì ICESat-2 tí NASA gbé lọ sófuurufú lóṣù Kẹsàn-án 2018, tó ń kọjá lórí ilẹ̀ wa náà, ń yin lésà aláwọ̀ ewé ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Asẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ tó 0.1 nánómítà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ ooru rẹ̀ kí òun àti lésà má baà pínyà.

Eruku ọyẹ́ ni asẹ́ kò rí ṣe nǹkan sí, torí àwọ̀ lésà gan-an ló ń dá padà. Àkókò ìpadàbọ̀ ló lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ògiri.

Nítorí náà, kí a tó béèrè bí asẹ́ ṣe há tó, ká kọ́kọ́ béèrè bí lésà ṣe ń sún láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ibi tí ìsún rẹ̀ bá mọ ni kí asẹ́ há mọ.