Ìdí tí Wáìnì Pupa Jumilla Kò Fi Wọ́n

Alẹ́ ọjọ́ tí ẹni tó kẹ́yìn nínú wa gbèjà iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. A dá owó jọ, a ní kí ọ̀kan nínú wa lọ ra wáìnì pupa wá. Ìgò tó gbé dé wá láti Jumilla, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta Bordeaux tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀. A kò tíì ṣí i tí àwàdà fi bẹ̀rẹ̀: "Ṣé kì í ṣe zóbò ni wọ́n rọ sínú ìgò fún ọ?" Ẹni tó rà á kò fèsì. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó sì gbé e fún ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ìyẹn mu ún, ó dákẹ́, ó tún mu ún lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbé ife fún ẹlòmíràn.

Wáìnì náà dúdú débi pé a kò lè rí ìka wa ní òdìkejì ife. Ó ń ta sánsán bí èso tó ti pọ́n gan-an lórí igi. Ó ki lẹ́nu, bí ògì tí wọn kò bu omi mọ́ jù ṣe máa ń ki. Nígbà tí a gbé e mì, ó fún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tán. Ìbéèrè tó wá kù ni pé, bí ó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kò fi wọ́n? Ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà, ọwọ́ wa kò sì lè gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ kì í mu ọtí, ẹ jókòó tì wá, ìtàn ló pọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Ilẹ̀ Faransé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Sípéènì. Ní nǹkan bí ọdún 1863, igi àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ní 1868, Jules-Émile Planchon, onímọ̀ nípa ewéko ní Montpellier, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí hú gbòǹgbò àwọn igi tó ń ṣàìsàn. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni kòkòrò tíńtín tó ń fa omi ara igi mu. Phylloxera ni orúkọ tí ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Amẹ́ríkà ló ti bá àjàrà tí wọ́n kó wọlé dé. Àjàrà Amẹ́ríkà ti bá kòkòrò yìí gbé pẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè fara dà á, àmọ́ ti Yúróòpù kò lè fara dà á. Ní 1875, wáìnì tí Faransé pọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 84 hẹ́kítólítà, ìyẹn lítà ọgọ́rùn-ún lọ́nà mílíọ̀nù 84. Ní 1889, ó ti já wá sí nǹkan bí mílíọ̀nù 23.

Àwọn ará Faransé kò torí ìyẹn ṣíwọ́ mímu wáìnì. Àwọn oníṣòwò wọn kọjá òkè Pyrenees lọ sí Sípéènì láti lọ wá ohun tí wọn yóò máa tà. Ní 1882, ìjọba méjèèjì ṣe àdéhùn òwò tó dín owó ibodè kù lórí wáìnì Sípéènì. Fún ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ tí àjàrà lè hù lórí rẹ̀ ní Sípéènì ló ń gbin àjàrà.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fojú sí rèé, nítorí ọ̀nà méjì ni owó Faransé gbà wọ Sípéènì, wáìnì tó wà nínú ife wa sì wá láti ọ̀nà tí kò lórúkọ.

Ọ̀nà kìíní gba Rioja, ní àríwá. Àwọn ará Rioja ti ń múra sílẹ̀ kí kòkòrò tó dé. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, Luciano de Murrieta àti ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Marqués de Riscal ti kọ́ bí àwọn ará Bordeaux ṣe ń fi àgbá igi óákù tọ́jú wáìnì. Ní 1852, Murrieta ti ń kó tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Havana ní Cuba. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Lucumí níbẹ̀, pọ̀ ní Havana àti nínú àwọn oko ìrèké erékùṣù yẹn lásìkò náà. A kò rò pé ẹnikẹ́ni bu wáìnì yẹn fún wọn. Ọkọ̀ ojú irin dé ìlú Haro ní 1863. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Faransé wá dé, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ náà ni àwọn ilé ìpọntí tò sí: López de Heredia ní 1877, CVNE ní 1879, La Rioja Alta ní 1890. Gbogbo wọn ṣì ń ta wáìnì títí di òní, orúkọ wọn sì wà lára ìgò. Bí Faransé bá padà sílé lọ́la, Rioja ti ní àgbá, ó ti ní ìmọ̀, ó sì ti ní orúkọ tí oníbàárà lè béèrè fún.

Ọ̀nà kejì gba gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí Jumilla, Yecla, Alicante àti Utiel-Requena wà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Òjò tó ń rọ̀ ní Jumilla lọ́dún kan kò ju nǹkan bí 300 mílímítà lọ. Ẹni tó bá mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ìyẹn kéré púpọ̀. Àjàrà tó lè gbé irú ibẹ̀ ni Monastrell, èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní Mourvèdre. Wọ́n máa ń jẹ́ kí igi rẹ̀ kúrú bí igbó ṣúúrú, wọ́n sì máa ń gbìn ín jìnnà síra kí gbòǹgbò má baà bá ara wọn du omi. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn, kì í sì í tètè pọ́n. Láti ara èèpo ni àwọ̀ dúdú àti ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ yẹn ti ń wá. Oòrùn ló ń fi ṣúgà sínú èso, ṣúgà ló ń di agbára ọtí, ìdí sì nìyẹn tí wáìnì ibẹ̀ fi máa ń tó ìdá 14 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí wá ni àwọn oníṣòwò Faransé fẹ́ ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Wọn kò fẹ́ mu ún bó ṣe wà. Wáìnì tiwọn tó ṣẹ́kù ti ṣàn, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò pò mọ́ ọn kí ó lè rí bíi wáìnì gidi. Ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe irú rẹ̀ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní doble pasta. Wọn á fa omi díẹ̀ kúrò lára àjàrà kí ó tó pẹ́ lórí èèpo, ìyẹn á di wáìnì rósè. Wọn á wá kó èèpo tó ṣẹ́kù kún ìkòkò mìíràn tó ní èèpo tirẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ jọ hó di ọtí pọ̀. Èèpo ìlọ́po méjì nínú omi kan ṣoṣo! Ohun tó ń jáde níbẹ̀ dúdú bíi yíǹkì. Bí a ṣe ń ra tàtàṣé kí ọbẹ̀ lè pọ́n ni wọ́n ṣe ń rà á. Ọlọ́bẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń yìn, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ ẹni tó gbin tàtàṣé.

Ní 1890, ìdílé García Carrión kọ́ ilé ìpọntí kan sí Jumilla láti máa tà fún ọjà Faransé yìí. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ náà, ẹ mọ ọjà wọn: àwọn ló ni Don Simon inú páálí tí ẹ ń rí ní ìsọ̀ ọlọ́tí. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́lé, ilẹ̀kùn tì. Faransé ti rí ọgbọ́n dá sí kòkòrò náà, wọ́n ń lọ́ àjàrà tiwọn mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, oko wọn sì ń padà bọ̀ sípò. Ní 1892, wọ́n gbé owó ibodè sókè láti dáàbò bo àwọn àgbẹ̀ wọn. Àwọn tó gbin àjàrà káàkiri Sípéènì nítorí àdéhùn 1882 wá jókòó ti àgbá tó kún, tí kò sí olùrà.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Kòkòrò tó sọ Sípéènì di ọlọ́rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ ti wọ ilé tirẹ̀ náà. Ó dé Málaga ní 1878, ó sì dé Rioja ní 1899. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń hú igi, tí wọ́n ń lọ́ tuntun mọ́ gbòǹgbò Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò lè gbé inú iyanrìn, ilẹ̀ Jumilla sì ní iyanrìn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ oko ibẹ̀ dúró lórí gbòǹgbò ara wọn títí di 1989, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti tún oko dá. Ọdún yẹn ni kòkòrò rí ọ̀nà wọlé, ó sì ba púpọ̀ nínú oko wọn jẹ́. Bí ẹ bá rí "pie franco" lára ìgò, ohun tó túmọ̀ sí ni pé igi tí èso náà ti wá ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọn kò lọ́ ọ mọ́ gbòǹgbò àjòjì.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀ ló jẹ́ kí wáìnì gúúsù ìlà-oòrùn pẹ́ kí ó tó gbayì. A kò gbà. Ẹni tó lè mú àjàrà so lórí ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀ sí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ohun tí olùrà fẹ́ ni wọ́n ń pọn, olùrà kò sì fẹ́ orúkọ wọn. Rioja ti gba ìdánimọ̀ ìjọba fún orúkọ ìlú rẹ̀ láti 1925, Jumilla kò gba tirẹ̀ títí di 1966. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, àgbá ńlá ni ọ̀pọ̀ wáìnì ibẹ̀ ṣì ń wọ̀ lọ. Ìgbà tí àtúngbìn lẹ́yìn 1989 di dandan ni àwọn ìdílé púpọ̀ jókòó rò ó pé, bí a bá máa tún oko dá, ẹ jẹ́ kí á fi orúkọ wa sí i.

Títà láìlórúkọ yìí kò tíì parí o. Sípéènì ló ní ilẹ̀ àjàrà tó fẹ̀ jù lọ láyé, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wáìnì tó ń tà sókè òkun ni kì í wọ ìgò kí ó tó kọjá ààlà, Faransé sì wà lára àwọn tó ń rà jù. Ní oṣù Kẹrin 2016, àwọn àgbẹ̀ àjàrà Faransé dá àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ru wáìnì Sípéènì dúró ní Le Boulou, nítòsí ààlà, wọ́n sì tú u dà sójú títì. Wọ́n ní owó pọ́ọ́kú rẹ̀ ń ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹ̀dùn ọkàn wọn yé wa, àgbẹ̀ ni àwọn náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó sáré lọ sọ́dọ̀ ta ni ní 1882.

Ẹ jẹ́ kí á padà sínú ife wa. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú wáìnì yìí, ẹ wá Monastrell láti Jumilla tàbí Yecla, tàbí Garnacha láti Campo de Borja ní Aragón, tí òun náà ki tí kì í sì í gunwó. Bí ẹ bá rí "joven" lára ìgò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, adùn èso ló máa pọ̀ níbẹ̀. "Crianza" ti lo ọdún méjì ó kéré tán kí ó tó dé ọjà, apá kan nínú rẹ̀ nínú àgbá óákù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ òórùn fànílà níbẹ̀. Ẹ má ra ìgò tó ti ń yáàrùn níwájú ìsọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú ti inú lọ́hùn-ún wá.

Wọ́n máa ń ní kí a mu wáìnì pupa bí ooru inú ilé bá ṣe wà. Inú ilé ta ni? Ilé olókùúta tútù ní Yúróòpù ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe yàrá ọ́sítẹ́ẹ̀lì tí iná ti lọ. Nǹkan bí ìwọ̀n 16 sí 18 ló dára fún un, nítorí náà ẹ gbé e sínú fíríìjì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe bu ife kún. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dúró lẹ́nu díẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Bí ó bá fún ẹnu pọ̀ jù, ẹ fi ẹran jẹ ẹ́, ọ̀rá ẹran á rọ̀ ọ́. Ohun tí a fi ojú ara wa rí ni pé àsun tó ta kì í bá a mu rárá: agbára ọtí ń rú ata sókè, ọ̀nà ọ̀fun a sì máa jó. Ẹran ewúrẹ́ tí a dín, tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, ló bá a lọ jù.

Ní ti ẹni tó pè é ní zóbò, òun ló jáde lọ ra ìgò kejì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, owó àpò ara rẹ̀ ló sì fi rà á.